Àwọn Asáré Òwúrọ̀ ní Kùmásì

Àwọn àgbà wa ní a kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún: bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ni yóò máa lé wa. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bí a bá ń sọ ti ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n ní ìlú Kùmásì, tí í ṣe olú ìlú àwọn Àṣáńtì ní ilẹ̀ Gánà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń jí ní kùtùkùtù òwúrọ̀ Sátidé láti sáré lójú títì, tí wọn kò lé ẹnikẹ́ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì lé wọn. Kò sí owó tí wọ́n ń gbà. Kò sí ife ẹ̀yẹ tí ń dúró dè wọ́n ní òpin ọ̀nà. Èrò mi ni pé àwọn wọ̀nyí gan-an ni eléré ìdárayá tòótọ́ tí a ní ní ilẹ̀ Áfíríkà, àti pé ìlú tí kò bá kà wọ́n sí ti gbàgbé ohun tí eré ìdárayá wà fún.

Ẹni tí ó bá ti gbé Kùmásì rí yóò ti pàdé wọn. Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, a ó máa gbúròó orin láti òkèèrè kí a tó rí àwọn tí ń kọ ọ́. Wọ́n ń bọ̀ láti Bantama àti Asafo, láti Tafo àti Oforikrom, láti Asawase àti Aboabo níbi tí àwọn ará Zongo ti fìdí kalẹ̀ láti ìran dé ìran. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà, orúkọ ẹgbẹ́ sì hàn gàdàgbà lẹ́yìn ẹ̀wù náà. Ẹnì kan ni ó ń dá orin, irú orin tí wọ́n ń pè ní jama, àwọn ìyókù ń gbè é, àtẹ́wọ́ àti fèrè sì ń bá a rìn. Wọn kì í sá eré àsápajúdé. Ìṣísẹ̀ wọn ṣe déédéé, kí àgbà tí ó wà lẹ́yìn má bàa já sílẹ̀, kí ọ̀dọ́ tí ó wà níwájú má sì dá nìkan lọ. Báyìí ni wọn yóò ṣe máa sáré fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a gun òkè, wọn a sọ̀ kalẹ̀, nítorí Kùmásì kì í ṣe ìlú tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ta ni wọ́n? Télọ̀ ń bẹ nínú wọn, olùkọ́ ń bẹ, nọ́ọ̀sì ń bẹ, awakọ̀ ń bẹ. Obìnrin tí ń tajà ní Kejetia wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú epo mọ́tò láti òwúrọ̀ Mọ́ńdè títí di alẹ́ Fúráìdé ní Suame Magazine, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé ọkọ̀ wá fún àtúnṣe láti ọ̀nà jíjìn. Kíìpù-fíìtì ni ará ìlú ń pe ẹgbẹ́ wọn. Bí eré bá parí, wọn a na ara ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan, wọn a mu omi, wọn a bèèrè ẹni tí a kò rí lọ́sẹ̀ yẹn, bóyá ara rẹ̀ kò yá. Lẹ́yìn náà ni kálukú yóò yára gba ilé lọ láti wọ aṣọ dúdú tàbí aṣọ pupa, nítorí pé Sátidé ni ọjọ́ ìsìnkú ní ilẹ̀ Àṣáńtì, kò sì sí ẹni tí kò ní òkú tí yóò bá wọn ṣe.

Nígbà tí Mọ́ńdè bá dé, ẹ wá ṣí ìwé ìròyìn. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni yóò gba gbogbo ojú ewé eré ìdárayá. A ó kà nípa ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, nípa iye tí wọ́n rà á, nípa ìjà àwọn olóyè ẹgbẹ́. Èmi kò bá bọ́ọ̀lù ṣọ̀tá. Asante Kotoko jẹ́ ògo Kùmásì, pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n kọ́ sí ìlú náà ní ọdún 1959 sì jẹ́ ohun tí ó tọ́ kí ọmọ Áfíríkà fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka iye ènìyàn. Bí pápá náà bá kún, nǹkan bí 40,000 ni yóò jókòó, àwọn 22 ni yóò máa sáré. Àwọn tí ó jókòó yìí ni a ń pè ní olùfẹ́ eré ìdárayá. Àwọn tí ó jí ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn wọn ìlú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, a kò ní orúkọ kankan fún wọn nínú ìwé ìròyìn.

ẸSẸ̀ NI Ó KỌ́ KÙMÁSÌ

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà Òyìnbó ni eré sísá láìnídìí. Irọ́ ni. Kí reluwé tó dé Kùmásì láti Sekondi ní ọdún 1903, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó ń gbé òwò ìlú náà. Obì ń lọ sí àríwá, ó ń lọ sí ọjà Salaga àti sí ilẹ̀ Haúsá. Iyọ̀ àti ẹrù Òyìnbó ń ti etí òkun bọ̀. Àwọn ọ̀nà ọba tàn káàkiri láti Kùmásì bí okùn aláǹtakùn, àwọn ìránṣẹ́ Asantehene sì ń gba orí wọn lọ gbé àṣẹ dé ibi gbogbo tí ìjọba rẹ̀ dé. Ìjọba tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè dúró bí kò bá sí ẹsẹ̀ tí ó yára àti èémí tí kò tètè tán.

Àwa náà ní tiwa. Ta ni kò mọ ìtàn àwọn Ìlàrí Aláàfin, àwọn tí a fá apá kan orí wọn, tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ ọba láti Ọ̀yọ́ lọ sí ìlú tí ó jìnnà? Àwọn baba wa tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin wá ṣòwò ní Gold Coast kí ọkọ̀ tó wọ́pọ̀, ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn fi rìn ín, tí ẹrù wà lórí. Ẹni tí ó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ rìn dé ilẹ̀ Àṣáńtì, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò kọ́ ọ nípa eré ẹlẹ́mìí ẹṣin. Ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ wa ni àǹfààní ẹsẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ dé, a gbàgbé ọ̀nà. Aago dé, ilé iṣẹ́ dé, àga dé, a jókòó. Àwọn asáré òwúrọ̀ Kùmásì ń gba ohun ìní àtijọ́ padà ni, bí wọ́n tilẹ̀ wọ bàtà tuntun láti gbà á.

ORÚKỌ DÍDÙN, ÌTÀN KÍKORÒ

Orúkọ kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹni tí ń ṣeré nítorí ìfẹ́ láìgba owó. Amateur ni wọ́n ń pè é, láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, olùfẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ dídùn ni, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ korò. Nígbà tí àwọn ọlọ́lá London dá ẹgbẹ́ eré sísá sílẹ̀ láàárín ọdún 1860 sí 1870, kò pẹ́ tí wọ́n fi fi í sínú òfin wọn pé ẹni tí ó bá jẹ́ mẹkáníìkì, tàbí oníṣẹ́ ọwọ́, tàbí lébìrà, kò lè jẹ́ amateur láé, bí kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀ kan rí nínú eré. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ẹni tí ń ṣán agbọ̀n erùpẹ̀ bá ọmọ ọlọ́lá dúró lórí ìlà kan náà, pàápàá nítorí wọ́n bẹ̀rù pé yóò borí. Ní ọdún 1880, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tuntun fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Oxford, ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún òṣìṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa ńkọ́? Ní ọdún 1921, ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré kan tí wọ́n ń pè ní Comrades, láàárín Durban àti Pietermaritzburg, nǹkan bí kìlómítà 90, ní ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn 34 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Eré ìfẹ́ ni, eré ìfaradà ni, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ìtàn rẹ̀ tí kò ní yìn ín. Síbẹ̀, títí di ọdún 1975, ènìyàn dúdú kò ní ẹ̀tọ́ láti dúró lórí ìlà eré náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin kò ní i. Àwọn dúdú kan sá a láìsí nọ́ńbà láyà, wọ́n sì dé òpin, ṣùgbọ́n a kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1989 ni Samuel Tshabalala wá di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìn-ín-ní. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé: ní ilẹ̀ Áfíríkà, lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ kò ní ọ̀nà.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi ń yọ̀ nígbà tí mo bá rí mẹkáníìkì Suame nínú ẹ̀wù ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí òfin London lé jáde ní àtijọ́ ni ó di olórí orin ní Kùmásì. Ó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ó sì ń ṣeré ìfẹ́; kò sí ẹni tí ó bi í léèrè iṣẹ́ baba rẹ̀ kí ó tó sáré. Bí orúkọ náà bá ní ìtumọ̀ kankan lónìí, ọ̀dọ̀ irú àwọn ènìyàn báyìí ni ìtumọ̀ náà wà.

OHUN TÍ ERÉKÙṢÙ KÉKERÉ KAN MỌ̀

Ẹnì kan lè sọ pé, "Eré Sátidé dára, ṣùgbọ́n eré lásán ni. Kí ni yóò ti inú rẹ̀ jáde?" Fún ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó jìnnà sí Kùmásì, ibi tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Bantama fúnra rẹ̀ fi lè bá a dọ́gba. Bermuda ni mo ń wí, erékùṣù kan láàárín òkun Àtìláńtíìkì, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 54 níbùú lóròó lọ, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 64,000. Kùmásì àti agbègbè rẹ̀ nìkan ní ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 3.

Ní Bermuda, ní oṣù May lọ́dọọdún, ọjọ́ ìsinmi kan wà fún gbogbo ará ìlú. Ní ọjọ́ náà ni wọ́n ń sá eré kan lórí títì, nǹkan bí kìlómítà 21. Ó ti lé ní 100 ọdún tí wọ́n ti ń sá a. Àwọn ìdílé a tètè lọ gba àyè lẹ́bàá ọ̀nà, wọn a gbé oúnjẹ wá, wọn a máa pe orúkọ asáré bí ó ti ń kọjá, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n: olùkọ́ ọmọ wọn ni, tàbí ọlọ́pàá àdúgbò wọn, tàbí ọmọ arábìnrin wọn. Ọmọ tí ó bá dàgbà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn kò ní í rò pé eré ọ̀nà jíjìn jẹ́ ohun àjèjì. Yóò kàn máa bèèrè ọdún tí òun náà yóò tó wọlé ni.

Ní oṣù July ọdún 2021, ní ìdíje Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní Tokyo, obìnrin kan láti erékùṣù náà, Flora Duffy, gba wúrà nínú eré alápá mẹ́ta, èyí tí ènìyàn yóò lúwẹ̀ẹ́, tí yóò gun kẹ̀kẹ́, tí yóò sì fi eré sísá parí rẹ̀. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, àmì ẹ̀yẹ kan ṣoṣo ni Bermuda ní láti Òlíńpíìkì, idẹ tí Clarence Hill fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gbà ní Montreal ní ọdún 1976. Kò sí ilẹ̀ tí ènìyàn inú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba wúrà rí nínú Òlíńpíìkì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi kò ní sọ pé eré oṣù May ni ó bí wúrà yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ Flora Duffy ni, ó sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo ń sọ ni pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, àti pé ìlú tí gbogbo ènìyàn rẹ̀ bá mọ iyì ìfaradà kò ní ṣe aláìrí ẹni tí yóò gbé e dé ìpẹ̀kun.

Nígbà tí mo wà ní Ìlú Ọba fún ẹ̀kọ́ mi, mo rí ohun kan tí ó jọ ti Kùmásì púpọ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ní ọgbà ìtura káàkiri ìlú, àwọn ènìyàn ń péjọ láti sá kìlómítà 5 lọ́fẹ̀ẹ́. Parkrun ni wọ́n ń pè é. Àwọn 13 péré ni ó sá a ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ní oṣù October ọdún 2004, ní Bushy Park lẹ́bàá London. Ó ti tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà. Àwọn Òyìnbó ń kọ ìwé lórí rẹ̀, dókítà ń rán aláìsàn lọ síbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ sì ń ṣí ọgbà sílẹ̀ fún wọn. Ohun kan náà ni àwọn ará Kùmásì ń ṣe, pẹ̀lú orin tí ó dùn jù ú lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lọ́hùn-ún, ìlú rí àwọn asáré rẹ̀.

ÀTAKÒ TÍ MO GBỌ́

Mo gbọ́ àwọn tí ń sọ pé ẹni tí ebi ń pa kò gbọdọ̀ sáré. Wọ́n ní kí n wo àwọn ọmọbìnrin kayayei tí wọ́n ti àríwá wá, tí wọ́n ń ru ẹrù ní ọjà Kejetia láti òwúrọ̀ di alẹ́. Eré wo ni ó tún kù fún wọn? Ọ̀rọ̀ náà tọ́, n kò sì ní jà á níyàn. Ohun tí ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ nílò ni ìsinmi, oúnjẹ àti owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo akọ̀wé tí ó jókòó láti agogo mẹ́jọ di agogo márùn-ún, ẹ wo ẹni tí ó ní ìsọ̀, ẹ wo awakọ̀ tírótírò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń pa irú wọn láàárín ìlú, wọn kò sì dàgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ nínú eré tí ó mú ara gbóná díẹ̀. Ìlera ni oògùn ọrọ̀, oògùn yìí kò sì ní owó lórí.

Àwọn mìíràn ní àmì ẹ̀yẹ ni ó yẹ kí a máa lé, pé eré gbogbogbò ń fi àkókò ṣòfò. Ṣé Kùmásì kò bí akọni? Ní ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Helsinki ní ọdún 2005, ọmọ ìlú náà méjì ni ó gba àmì ẹ̀yẹ fún Gánà: Ignisious Gaisah gba fàdákà nínú fífò jìnnà, Margaret Simpson sì gba idẹ nínú ìdíje onípa méje ti àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, nígbà tí Gaisah tún gba fàdákà ní Moscow, àsíá ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n gbé sókè fún un. N kò bá a wí. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé orílẹ̀-èdè tí ó bá ń dúró de ẹni kan tàbí méjì lè jí ní ọjọ́ kan kí ó rí i pé ẹni náà ti lọ. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń sáré ní Sátidé kò lè lọ síbì kan.

Ẹ sì wo Èkó wa. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ńlá níbẹ̀, pẹ̀lú owó ńlá fún ẹni tí ó bá borí. Àwọn ará ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ó sáábà ń gba ipò kìn-ín-ní, wọ́n ń gba owó wọn, wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. Kí wọ́n máa bọ̀. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n jẹ́ fún wa. Àmọ́ owó kò lè ra ohun tí wọ́n fi borí wa. Àwọn ọmọ wọn ń sáré lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ìlú wọn sì ka asáré sí ènìyàn pàtàkì. Àṣà ìlú ni ó ń borí wa kí asáré wọn tó bọ́ sójú ọ̀nà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Àkọ́kọ́, kí ìlú ṣí ọ̀nà fún wọn. Àwọn asáré òwúrọ̀ ń bá ọkọ̀ du títì, nígbà tí ilẹ̀ kò ì mọ́ tán, tí awakọ̀ mìíràn sì ti fi gbogbo òru wakọ̀ bọ̀. Ó yẹ kí a rántí ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré Kùmásì. Baba Yara, akọni agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo Gánà ń pariwo rẹ̀, ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó gba eré lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1963. Kò tún dìde rìn mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1969. Bí a bá fẹ́ bu ọlá fún orúkọ yẹn ní òtítọ́, kí a ti ojú ọ̀nà kan tàbí méjì pa fún ọkọ̀ fún wákàtí méjì péré ní òwúrọ̀ Sátidé. Ọlọ́pàá méjì àti okùn kan tó fún iṣẹ́ náà.

Èkejì, kí ìlú ní eré kan tí í ṣe tirẹ̀, ní ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀, lórí ọ̀nà kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Adágún Bosomtwe kò jìnnà sí Kùmásì ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ, ibi ọ̀wọ̀ ni lójú àwọn Àṣáńtì. Ọ̀nà wo ni ó tún dára ju èyí lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ agbára èémí rẹ̀? Kí ẹni tí kò lè sá gbogbo rẹ̀ sá ìdajì, kí ẹni tí kò lè sá ìdajì rìn. Kí a má fi owó sí i. Kí orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá dé òpin, láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn, wà lára ògiri fún gbogbo ènìyàn láti kà. Mo mọ ohun tí mo ń sọ: ọkùnrin tí ó bá rí orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri bẹ́ẹ̀ yóò padà wá lọ́dún tí ń bọ̀, yóò sì mú ọmọ rẹ̀ dání.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọjọ́ eré ìdárayá jẹ́ ọjọ́ àwọn ọmọ mẹ́wàá tí ó yára jù; àwọn 400 tí ó kù a máa pàtẹ́wọ́ lábẹ́ igi. A ti kọ́ wọn láti kékeré pé ti ẹlòmíràn ni eré. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ sá máìlì kan lọ́sẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ kọ àkókò ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ẹ sì fi í wé ti ara rẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá. Ẹ má ṣe fi wé ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó gbẹ̀yìn lónìí tí ó sì fi ìṣẹ́jú kan yára ju ti àná lọ ti borí, kí ẹ sì sọ fún un bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Èyí kò ní ná yín ju ìwé ìkọ̀wé kan àti aago ọwọ́ kan lọ. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n rí i kí ẹ̀yin náà máa sáré. Ọmọ tí ó bá rí ìyá olùkọ́ rẹ̀ nínú òógùn kò ní gbàgbé rẹ̀.

ỌNÀ KAN NÁÀ FÚN ONÍLÉ ÀTI ÀLEJÒ

Ohun kan kù tí n kò lè fi sílẹ̀, nítorí ọmọ Yorùbá ni mí, àwọn ènìyàn mi sì wà ní Kùmásì. Ní oṣù November ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí a bí sí Kùmásì, tí èdè Twi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, di ẹrù wọn lálẹ́, wọ́n sì fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà jáde ní tirẹ̀, àpò tí wọ́n kó ẹrù sí sì gba orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Ilẹ̀ méjèèjì jẹ gbèsè ìtìjú yìí. Ẹsẹ̀ ni a fi lọ, ẹsẹ̀ ni a fi bọ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé ní Asawase, ọmọ Àṣáńtì, ọmọ Dagomba, ọmọ Haúsá àti ọmọ Yorùbá ń sáré pọ̀ nínú ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà. Kò sí ẹni tí ń béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí èémí bá fẹ́ tán lẹ́nu ọ̀kan, èkejì a gba orin lẹ́nu rẹ̀, kí ó lè sinmi. Àwọn olóṣèlú wa ti ṣe ìpàdé púpọ̀ lórí ìṣọ̀kan Áfíríkà láti ìgbà òmìnira. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí lójúkojú, kí wọ́n jí ní agogo márùn-ún, kí wọ́n sì wọ bàtà tí ó rọ̀.

Ìmọ̀ràn mi sí àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá tí ó wà ní Kùmásì ni pé kí wọ́n má ṣe jókòó sílé de àríyá àti ìkómọjáde nìkan. Kí wọ́n bọ́ sí ọ̀nà pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wọn. Ìmọ̀ràn mi sí àwa tí a wà nílé ni pé kí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ yan ọjọ́ kan nínú ọdún, kí wọ́n yan ọ̀nà kan, kí wọ́n sì sọ ọ́ di àṣà. Kí a má dúró de ìjọba, kí a má dúró de ilé iṣẹ́ tí yóò fi àwòrán rẹ̀ kọ́ sí gbogbo òpó. Àwọn 13 péré ni ó bẹ̀rẹ̀ ti Bushy Park, àwọn 34 péré ni ó bẹ̀rẹ̀ ti Comrades. Ìlú wo nínú ilẹ̀ Yorùbá ni kò lè rí olùkọ́ mẹ́tàlá tí yóò jí ní Sátidé tí ń bọ̀?